Mọ́nítọ̀ FreeSync tòkunbọ̀ ní Computer Village: ẹ béèrè Hz rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó sítíkà

Mọ́nítọ̀ tòkunbọ̀ onínǹṣì 24 tí sítíkà FreeSync wà lára wọn kò wọ́n ní Computer Village, n'Ìkẹjà. 75Hz ni púpọ̀ nínú wọn, ìyẹn ni pé wọ́n lè pààrọ̀ àwòrán nígbà 75 láàárín sẹ́kọ́ǹdù kan. Fún iṣẹ́ ọ́fíìsì àti fíìmù, ọjà gidi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ní kó fi owó lé owó nítorí sítíkà yẹn, kó dá owó rẹ̀ padà sápò.

Ohun tí sítíkà náà ń ṣèlérí ni pé àwòrán kò ní máa fàya. Mọ́nítọ̀ 60Hz máa ń ka fírémù (àwòrán ẹyọ kan) láti òkè dé ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní mílísẹ́kọ́ǹdù 16.7. Bí GPU (ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán nínú kọ̀ǹpútà) bá gbé fírémù tuntun wọlé kó tó kà á tán, òkè á jẹ́ ti àtijọ́, ìsàlẹ̀ á jẹ́ ti tuntun, ìlà á sì hàn níbi tí méjèèjì ti pàdé. V-Sync inú driver (sọ́fítíwia tó ń darí GPU) ló kọ́kọ́ wo àrùn yìí: kò ní gbà kí fírémù pààrọ̀ títí mọ́nítọ̀ yóò fi kà dé ìsàlẹ̀. Àmọ́ fírémù tó bá gba mílísẹ́kọ́ǹdù 17 ti pàdánù àyè rẹ̀, bí ẹni tí BRT fi sílẹ̀ ní Màrínà: ìwọ̀nba ló fi pẹ́, àfi kó dúró de ọkọ̀ tó kàn. Bí buffer (ibi tí GPU ń kó fírémù sí) bá jẹ́ méjì péré, géèmù tó ń sáré ní fírémù 58 ní sẹ́kọ́ǹdù kan á já sí 30 lójijì.

Adaptive-Sync yí ọ̀rọ̀ náà padà: mọ́nítọ̀ ni yóò máa dúró de GPU. VESA, ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìlànà mọ́nítọ̀, fi í kún ìlànà ojú wáyà DisplayPort 1.2a ní 2014, FreeSync sì ni orúkọ tí AMD, iléeṣẹ́ tó ń ṣe GPU, ń pe tirẹ̀. NVIDIA, tó ń bá AMD díje, ti gbé G-Sync jáde ní 2013, tó nílò ẹ̀rọ pàtàkì nínú mọ́nítọ̀. Ó di oṣù kìíní ọdún 2019 kí driver 417.71 ti NVIDIA tó gba mọ́nítọ̀ FreeSync wọlé, fún GPU rẹ̀ láti GTX 10 sókè.

Ibi tí wàhálà wà ni pé ìdúró náà ní ààlà. Mọ́nítọ̀ 75Hz wọ̀nyí sábà máa ń ní ààlà 48 sí 75Hz. Bí géèmù bá já sí 45, ó ti bọ́ síta. Kí àwòrán fàya tàbí kó máa dúró, ọ̀kan á padà dé. Driver ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní LFC, tó ń fi fírémù kan náà hàn lẹ́ẹ̀mejì kí 45 lè di 90. Ṣé 75 lè gba 90? Kò lè gbà á. Ó kéré tán, òkè ààlà gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí LFC tó ṣiṣẹ́, bíi 48 sí 144. Ẹni tó sì ń ra mọ́nítọ̀ olówó pọ́ọ́kú, GPU pọ́ọ́kú ló sábà ní, géèmù rẹ̀ á máa rìn láàárín 35 sí 50. Ibi tó ti nílò ìrànlọ́wọ́ jù ni sítíkà ti já a sílẹ̀.

Ẹ yí ẹ̀yìn mọ́nítọ̀ náà wò, níbi tí ojú wáyà wà. VGA àtijọ́ kò lè gbé Adaptive-Sync rárá, bẹ́ẹ̀ wáyà VGA ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe èènì. GPU AMD lè lo FreeSync lórí HDMI àtijọ́. Ti NVIDIA ń fẹ́ DisplayPort, tàbí HDMI 2.1 tí irú mọ́nítọ̀ yìí kò ní. Oní-GTX tó bá ra èyí tó jẹ́ HDMI àti VGA nìkan, sítíkà ló rà. Ẹ ṣọ́ra fún wáyà DisplayPort jákujàku pẹ̀lú: pin 20 kò yẹ kó so orí kan mọ́ ìkejì. Bó bá so, iná á máa ti mọ́nítọ̀ wọ inú káàdì. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti tàn tí wáyà bá wà níbẹ̀, tó sì ń tàn tí ẹ bá yọ ọ́, wáyà ni kẹ́ ẹ pààrọ̀.

Ní ìsọ̀, ẹ ní kí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ so láptọ́ọ̀pù yín mọ́ ọn. Ẹ wọ mẹ́nù mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, kẹ́ ẹ tan FreeSync. Bó bá wà ní pípa, driver kò ní rí i. Lórí Linux, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ edid-decode máa ń ka ààlà náà síta láìfi pamọ́. Tí ẹ bá délé, ẹ fi òpin sí fírémù ní 72 fún 75Hz, tàbí 141 fún 144Hz, nítorí géèmù tó bá kọjá òkè ààlà ti padà sọ́wọ́ V-Sync tàbí ìfàya.

Ẹ̀yin tó ń lo NVIDIA lórí Wayland (ètò tó ń gbé fèrèsé sójú mọ́nítọ̀ lórí Linux), bí fèrèsé bá ń ṣẹ́jú tàbí tó ń fi fírémù àtijọ́ hàn, ẹ má tíì gbé mọ́nítọ̀ padà fún ọlọ́jà. Driver yòókù ń jẹ́ kí kernel (ọkàn Linux) so àmì mọ́ buffer pé iṣẹ́ inú rẹ̀ kò tíì parí; ti NVIDIA kò bá wọn ṣe é, nítorí náà wọ́n lè gbé fírémù tí kò tíì jinná síta. Explicit sync, tó ń jẹ́ kí àpù fúnra rẹ̀ sọ ìgbà tí fírémù parí, ló yanjú rẹ̀ ní 2024: ẹ nílò driver 555 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, Xwayland 24.1 (èyí tó ń jẹ́ kí àpù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí Wayland) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti tábìlì iṣẹ́ KDE Plasma 6.1 tàbí GNOME 46.1, tàbí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo /sys/module/nvidia_drm/parameters/modeset pẹ̀lú. Y ló yẹ kẹ́ ẹ bá níbẹ̀.