Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra kámẹ́rà onífíìmù: ẹ ṣọ́ra fún “A ti tún un ṣe pátápátá”

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá kámẹ́rà onífíìmù kékeré rà, pàápàá Olympus mju àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin kan wà tó ń polówó lórí WhatsApp àti Instagram pé Ìkẹjà ni ṣọ́ọ̀bù òun wà. Gbólóhùn tó fi ń mú èèyàn ni “A ti tún un ṣe pátápátá.” Á ní òun ti nu lẹ́ńsì, òun ti pààrọ̀ fóòmù, òun sì ti fi fíìmù dán an wò. Irọ́ ni. Ó ń yí orúkọ tó fi ń tajà padà lemọ́lemọ́, nítorí náà orúkọ ò lè gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣesí rẹ̀ ni kí ẹ fi dá a mọ̀.

Mo máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ tọ́jú kámẹ́rà n'Íbàdàn, ibẹ̀ ni mo ti mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ ń gbé e wá bá mi, àbùkù kan náà ló sì ń wà lára wọn. Ìta á máa dán gbinrin. Ẹ wá ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Fóòmù dúdú tó wà létí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni mo kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò. Òun ló ń dí àlàfo kí ìmọ́lẹ̀ má baà jò wọlé bá fíìmù. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà wọ̀nyí ti lé ní ọdún 20, fóòmù inú wọn sì máa ń jẹrà, á wá máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí ọ̀dà. Ẹni tó bá tún un ṣe lóòótọ́ á ha gbogbo rẹ̀ kúrò, á fi sípíríìtì nu ojú ibẹ̀, kó tó lẹ tuntun mọ́ ọn. Arákùnrin yìí ń fi téèpù dúdú àwọn oníná bò ó mọ́lẹ̀ ni. Bí oòrùn bá pa á nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan péré, gọ́ọ̀mù téèpù yẹn á yọ́, á ṣàn dé ibi tí fíìmù ń gbà kọjá, ìmọ́lẹ̀ á sì ráyè jò wọlé. Ẹ ó ya fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n yín tán, ìlà pupa rúsúrúsú á sì gba àárín ojú ìyàwó kọjá. Ìgbéyàwó ọ̀hún ò sì ní tún wáyé kí ẹ lè tún un yà.

Lẹ́ńsì ńkọ́? Ọ̀rinrin pọ̀ nílẹ̀ wa níbí, àgàgà lásìkò òjò. Kámẹ́rà tó bá ti pẹ́ nínú dúrọ́ọ̀ tàbí nínú àpò aláwọ, lẹ́ńsì rẹ̀ lè bu: ẹ ó rí ẹ̀ka funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ láti etí gíláàsì. Bó bá ti jẹ gíláàsì wọnú, kò sí bí èèyàn ṣe lè nù ún tí ojú àpá náà á fi kúrò tán. Gíláàsì mẹ́rin ló wà nínú lẹ́ńsì mju II, ìyẹn mju kejì. Ti iwájú nìkan lọ́wọ́ arákùnrin yìí ń dé, èyí tó bu sì wà nínú.

Èyí tó bí mi nínú jù ni òróró. Bí ṣọ́tà, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó ń pa dé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé bá fíìmù, bá ti le, yóò fín òróró tí wọ́n ń fín sí ìdè ilẹ̀kùn sí i. Ṣọ́tà náà á ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tó yà á ní fídíò ránṣẹ́ sí yín. Ṣùgbọ́n gbígbẹ ló yẹ kí àwọn ewé irin tíntìntín tó ń ṣí tó ń pa dé nínú ṣọ́tà máa wà. Òróró á tàn kálẹ̀, á gba eruku mọ́ra, àwọn ewé náà á sì lẹ̀ mọ́ra wọn. Kámẹ́rà tí ìbá tún lo ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹnì kan bà jẹ́ báyìí nítorí àtita.

Ẹ tún wo bátìrì tó bá fi síbẹ̀. CR123A ni mju ń lò, fóòtì (volt) 3 ni agbára rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n ń gba iná sí, tó tóbi bákan náà gẹ́lẹ́, ló ń fi sínú tirẹ̀: fóòtì 3.7 ni wọ́n kọ sí i lára, bó bá sì kún tán, ó ń tó 4.2. Ìyẹn lè jó àwọn ohun abánáṣiṣẹ́ inú kámẹ́rà. Bó bá wá kú, á ní ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́.

Ó tún máa ń fi àwòrán kan polówó, kó fi òmíràn ránṣẹ́. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ yí lẹ́ńsì ká. mju II tó jáde lọ́dún 1997, 35mm 1:2.8 ló máa wà níbẹ̀. Mju àkọ́kọ́, ti ọdún 1991, 1:3.5 ni. Bẹ́ ẹ bá rí 38-80 tàbí 38-105, mju Zoom nìyẹn, irú tí lẹ́ńsì rẹ̀ ń fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni, owó rẹ̀ ò sì yẹ kó tó ti mju II rárá. Bó bá sì sọ pé ilé-iṣẹ́ tó ṣe Contax T2, kámẹ́rà onífíìmù mìíràn, ló fi ẹ̀yà tuntun ránṣẹ́ sóun, ẹ má dá a lóhùn mọ́. Ọdún 2005 ni Kyocera, ilé-iṣẹ́ ọ̀hún, ti kéde pé àwọn ò ṣe Contax mọ́.

Kì í gbà kéèyàn wá wo ọjà. Á ní ẹ kọ́kọ́ sanwó, òun á fún awakọ̀ ní gáréèjì. Ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ pe òun lórí fídíò, kó ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà níṣojú yín, kó tan iná fóònù sí lẹ́ńsì láti ẹ̀gbẹ́, kó sì fi ìka pa fóòmù. Ẹni tó tún nǹkan ṣe kì í sá fún èyí. Bẹ́ ẹ bá rí i lójúkojú, ẹ pa fílááṣì, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ṣọ́tà. Ṣọ́tà mju II lè ṣí sílẹ̀ tó ìṣẹ́jú-àáyá 4 nínú òkùnkùn, ìyẹn á fún yín láyè láti wo inú gíláàsì láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á tẹ́lẹ̀, ẹ yọ bátìrì náà lónìí. Ẹ má tú kámẹ́rà fúnra yín o: iná fílááṣì máa ń pamọ́ sínú rẹ̀ tó fóòtì 300 kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yọ bátìrì, ó sì lè gbé èèyàn. Ẹ tọ́jú gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ jọ sọ àti rìsíìtì owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí báńkì yín ní kíá, kí ẹ sì fi ẹjọ́ sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà. Bó bá ní òun fẹ́ dá owó padà, ẹ jẹ́ kó wọ àkáǹtì yín kí ẹ tó dá kámẹ́rà rẹ̀ padà fún un.