Oṣù mẹ́jọ pẹ̀lú lẹ́pa àti òròbò

Ọmọláńgidi ológe méjì ni mo rà fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 6. Ọ̀kan rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, èkejì lẹ́ran lára díẹ̀. Lẹ́pa àti òròbò la ń pè wọ́n nílé. N ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, torí irú wọn pọ̀ lọ́jà, wọ́n sì jọra bí ìbejì.

Aṣọ wọn dára, ojú rírán rẹ̀ kò tú títí di òní. Irun ni wàhálà: kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ta kókó, òòyà kò wọ̀ ọ́ mọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́pa sì tẹ̀ fún bàtà gogoro nìkan, kò lè dá dúró àfi ká fi ti ògiri. Nínú ìràwọ̀ 5, aṣọ gba 4, irun gba 1.

Aṣọ lẹ́pa kò wọ òròbò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì kò kọjá itan, ọmọ mi ní, "Mọ́mì, eléyìí ti jẹun jù." Mo rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ mélòó kan sí i, mo bá a níwájú dígí, ó ká aṣọ sókè, ó fa ikùn wọlé, ó sé èémí. Ẹ̀rín kò wá mọ́.

Mo wá lọ kàwé nípa irú ọmọláńgidi bẹ́ẹ̀. Ọdún 1959 ni Ruth Handler gbé ọmọláńgidi ológe tí wọ́n ń pè ní Barbie jáde fún Mattel, ilé iṣẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé ní Amẹ́ríkà. Bild Lilli, ọmọláńgidi ará Jámánì tí wọ́n kọ́kọ́ ń tà fún àgbàlagbà, ló wò ṣe é. Ní 1965, wọ́n ta Barbie kan tòun ti òṣùwọ̀n ara tó dúró sórí pọ́n-ùn 110, àti ìwé kékeré lórí bí èèyàn ṣe lè fọn. Ìmọ̀ràn tó wà lẹ́yìn ìwé náà? Má jẹun. Fún ọmọdé o! Nígbà tó di 2006, àwọn olùwádìí ní Bìrìtìkó fi àwòrán han ọmọbìnrin 162, ọmọ ọdún 5 sí 8. Àwọn tó rí Barbie kò fẹ́ràn ara wọn tó àwọn yòókù, wọ́n sì ń fẹ́ tín-ínrín sí i, àfi àwọn tó dàgbà jù nínú wọn. Tèmi wà láàárín wọn gan-an.

Mattel fi oríṣi ara mẹ́ta kún Barbie ní 2016, títí kan èyí tó lẹ́ran. Ó dára. Ṣùgbọ́n nínú eré ọmọ mi, lẹ́pa ló máa ń ṣe ìyàwó, òròbò ló máa ń dáná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rà á, ẹ máa fetí sí eré yẹn.

Òwú ìránṣọ ló ràn wá lọ́wọ́. Mo ní kó fi wọn ibi tí lẹ́pa ń so bẹ́líìtì mọ́, kó gé e, kó wá fi yí orí lẹ́pa ká. Òwú kò ká a! A wọn ọmọ mi náà: orí sẹ̀ǹtímítà 51, ikùn 54. Ó wo lẹ́pa títí, ó ní, "Ibo wá ni ìfun rẹ̀ wà?"

Láti ìgbà yẹn, kò sí ohun tí kì í wọ̀n: ẹsẹ̀ tábìlì, ìrọ̀rí, ológbò. Lánàá ó kàn mí. Kó tó yí òwú náà ká mi tán, mo ti fa ikùn wọlé.