Àwo 78, Àwo 45, Ẹlípíì àti Kásẹ́ẹ̀tì: Èwo Ni Kí Ẹ Náwó Lé Tí Ẹ Bá Ń Wá Orin Tó Ṣọ̀wọ́n n'Íbàdàn?

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa kó orin àtijọ́ jọ, àwọn olórúkọ ńlá ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá. Kò burú, àmọ́ orin tiwọn ti kún orí fóònù. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn ni èyí tí kò sí níbòmíràn: onísákárà tí kò ṣe ju àwo kan ṣoṣo lọ, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, wéré tí wọ́n fi ń jí èèyàn fún sààrì, ewì, ìwàásù, eré ìtàgé tí wọ́n gbà sínú àwo. Bí ìwọ̀nyí bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ni wọ́n, ó parí nìyẹn. Nítorí náà, ohun tó wà nínú àwo ni kí ẹ fi ṣe ìpinnu, kì í ṣe bó ṣe pẹ́ tó tàbí bí páálí rẹ̀ ṣe dára tó.

Àwo 78 àti àwo 45

Àwo 78, èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ló dàgbà jù. Òun ni Ẹni-Ọ̀wọ̀ J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, fi kọ orin ìsìn Yorùbá fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920. Òun ni Túndé King fi gbé jùjú jáde ní àwọn ọdún 1930, òun náà ni Hárúnà Ìṣọ̀lá fi bẹ̀rẹ̀ àpàlà tirẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1940. Ojú kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, akọrin ò sì ráyè dọ́gbọ́n sí i. Kí ìlù tó wọlé tán, ó ti dé ìdí ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi fún ìyẹn.

Àmọ́ ó ní ìnáwó lẹ́yìn. Oje tí kòkòrò kan ń sun ni wọ́n fi pò ó, tó bá já bọ́, ó fọ́ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ tí a fi ń gbọ́ ẹlípíì, àwo ńlá tí orin ojú rẹ̀ gùn, kéré jù fún ìlà rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ìlà níbi tí ìdọ̀tí kóra jọ sí ni yóò máa wọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀ lẹ máa rà, ẹ ó sì wá ẹ̀rọ tó ń yí ní eré 78, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tuntun kò ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sípíríìtì nù ún láéláé, torí sípíríìtì máa ń yọ́ oje yẹn, orin á sì bá a lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé ihò àárín rẹ̀ lé orí ìka kan, kí ẹ fi èékánná ta etí rẹ̀ pẹ́lẹ́. Èyí tó pé yóò dún gooro. Èyí tó ti sán yóò dún kú, kódà bí ojú yín ò bá rí ibi tó ti sán.

Àwo 45, èyí kékeré tó ń yí ní ìgbà 45 ní ìṣẹ́jú kan, kò láàmú báyẹn. Ike ni, ó fúyẹ́, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ tó fún un, kí ẹ ṣáà má jẹ́ kí omi kan bébà àárín rẹ̀. Ìgbà tirẹ̀ ni àwọn ọdún 1960, nígbà tí I. K. Dáíró ń fi dùrù mi ìlú tìtì, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá lọ́dún 1963. Ṣùgbọ́n tiẹ̀ kọ́ ni mo ní kí ẹ máa wá. Ẹ máa wo bébà àárín àwo tí ẹ kò mọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ rí. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ohun àràmàǹdà pọ̀ sí jù ní gbogbo Ìbàdàn, torí ẹni tó ní owó díẹ̀ àti orin méjì péré lè ṣe àwo 45 nígbà náà. Ọ̀pọ̀ wọn ò ní páálí mọ́. Ẹ fi ìyẹn ní kí olùtajà dín owó rẹ̀ kù, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ fi àwo sílẹ̀.

Bí ojú àwo bá họ, ẹ fi èékánná wọ́ ọ. Èyí tí èékánná bá kọ́, etí yóò gbọ́ ọ. Èyí tí ojú nìkan rí kì í sábà ṣe nǹkan. Ohun tó burú ju họ lọ ni àwo tí dídán rẹ̀ ti lọ, tó ti rí bí eérú: abẹ́rẹ́ tó ti kú ló jẹ ẹ́, kò sì sóhun tí fífọ̀ lè ṣe sí i. Níbi tí ìyáàlù bá ti ké lẹ ó ti gbọ́ ọ.

Ẹlípíì

Ẹlípíì ló jẹ́ kí olórin ráyè. Ojú kan lè lọ tó ogún ìṣẹ́jú láìdánu dúró, ibẹ̀ ni alápàlà àti onífújì ti ń ki oníṣòwò, ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn ìyàwó wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ìbàdàn tó bá gbọ́ orin awúrebe tí Dáúdà Epo-Àkàrà kọ lè gbọ́ orúkọ agbo ilé tó mọ̀. Ewì náà wà níbẹ̀: Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti Ọlánrewájú Adépọ̀jù, tí àwọn méjèèjì fi Ìbàdàn ṣe ibùgbé.

Ẹ̀dà tuntun ńkọ́? Ilé iṣẹ́ orin Soundway ní ìlú Ọba àti Analog Africa ní Jámánì ń tún àwọn orin ilẹ̀ wa tẹ̀, ohùn wọn sì mọ́. Ilé iṣẹ́ Rounder ní Amẹ́ríkà kó jùjú àwọn ọdún 1930 sí 1950 sínú àwo kan lọ́dún 1985. Bó bá jẹ́ irú èyí lẹ fẹ́ gbọ́, ẹ̀dà tuntun sàn ju ògbólógbòó tó ti họ lọ. Ṣùgbọ́n orin tí òyìnbó lè jó sí ni wọ́n sábà máa ń ṣà. Sákárà àti ewì kì í fi bẹ́ẹ̀ kàn wọ́n.

Kásẹ́ẹ̀tì

Owó kásẹ́ẹ̀tì ló kéré jù, òun sì ni èèyàn ń kó dànù jù, ó sì ń dùn mí. Orin tí wọ́n gbà lójú agbo níbi òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó, tí kò dé orí àwo rárá, inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà.

Ẹ yí i padà, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò kékeré méjì ló máa ń wà níbẹ̀ lára èyí tí ilé iṣẹ́ ṣe, kí ẹnikẹ́ni má bàa gba nǹkan mìíràn lé e. Bí ẹ bá rí sẹ́lótéèpù lórí ihò náà, ẹnì kan ti fẹ́ gba nǹkan lé e, ẹ gbọ́ ọ délẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo fóòmù kékeré tó wà lẹ́yìn téèpù níwájú. Bó bá ti ṣí, ohùn yóò máa lọ sókè sódò. Èyí tó ní ìdè mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣeé tú, kí ẹ sì pààrọ̀ ara rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ le láti tú láìfọ́. Funfun bí ẹfun létí téèpù, olú ni. Ẹ má fi í sínú ẹ̀rọ, yóò kó ran àwọn yòókù.

Ibi tí èmi yóò náwó sí

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ àwo tó dáa, àwo 45 ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wá. Bí ẹ ò bá ní, kásẹ́ẹ̀tì ni. Àwo 78 wà fún ẹni tó ti ra abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán. Yálà Dùgbẹ̀ tàbí Ọjà Ọba lẹ ti rà, tàbí ẹrù bàbá ẹnì kan nílé àtijọ́, ẹ ní kí wọ́n lù ú fún yín lójú méjèèjì, pàápàá apá ìparí tó sún mọ́ àárín, ibẹ̀ ni àwo ti máa ń kọ́kọ́ kú. Bí ilé náà bá wà lẹ́bàá odò Ògùnpa, ẹ wo páálí dáadáa fún àmì ẹrẹ̀. Omíyalé ọdún 1980 wọ ilé púpọ̀ níbẹ̀. Páálí tó ti lẹ̀ mọ́ àwo kì í ṣí láìmú lára àwo náà lọ.