Neocities: ilé iṣẹ́ kékeré tó ń fún wa láyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé níbo lèèyàn ti lè ní sáìtì tiẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, tí ìpolówó ọjà ọlọ́jà ò sì ní bo gbogbo ojú ẹ̀. Neocities ni mo máa ń dárúkọ fún wọn, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ ọ rí. Ó yé mi, torí ilé iṣẹ́ kékeré ni, wọn ò polówó ara wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn ò sì sí lára àwọn tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ síbi kan, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ wọn gan-an, ó sì dùn mí pé àwa tá à ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ò tíì máa lò ó bó ṣe yẹ.

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Kyle Drake ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2013, GeoCities ló sì fà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń lọ sí sáíbà káfè láyé ìgbà tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, ẹ máa rántí GeoCities dáadáa. Ọdún 1994 ló bẹ̀rẹ̀ ní California, èèyàn á yan àdúgbò tó wù ú, bíi Hollywood tàbí Area51, á sì kọ́ ojú ìwé tiẹ̀ síbẹ̀ bó ṣe fẹ́, àwọ̀ tó bá wù ú, àwòrán tó ń mì, orin tó ń dún fúnra ẹ̀. Yahoo ra ibẹ̀ lọ́dún 1999, owó tí wọ́n dá lé e ju bílíọ̀nù 3 dọ́là lọ, ìgbà tó wá di October 2009 wọ́n tì í pa. Àwòrán ẹbí, ìtàn ìlú, ojú ìwé táwọn kan ṣe láti fi ṣèrántí òbí wọn tó ti kú, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ní káwọn èèyàn wá kó tàbí kí wọ́n gbàgbé ẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn kan tó ń jẹ́ Archive Team tí wọ́n sáré kó èyí tí wọ́n lè kó kí wọ́n tó pa iná ibẹ̀, àwọn ló jẹ́ ká ṣì rí díẹ̀ wò lónìí. Inú ń bí mi tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, kí n má parọ́. Ẹni tó kọ nǹkan fún ọdún mẹ́wàá ò yẹ kó jí lọ́jọ́ kan kó bá a pé ẹni tó ni ilé ti wó o.

Ohun tí Neocities wá ṣe ni pé wọ́n dá irú àyè yẹn padà, àmọ́ wọn ò gbé e ka owó ìpolówó. Wọ́n sọ ọ́ síta pé àwọn ò ní fi ìpolówó sójú ìwé ẹnikẹ́ni, àwọn ò sì ní ta ìsọfúnni àwọn tó ń lò ó. Owó táwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ń dá, dọ́là 5 lóṣù, ni wọ́n fi ń ṣe é.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá. Ẹ máa yan orúkọ, ẹ máa fi íméèlì àti pásíwọ́ọ̀dù sí i, àdírẹ́sì yín á sì di orúkọ yẹn pẹ̀lú neocities.org lẹ́yìn ẹ̀. Ó parí. Àyè tí wọ́n ń fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ jẹ́ gígábáìtì 1, ìgbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, mẹ́gábáìtì 10 péré ni wọ́n ń fúnni, ẹ ò rí i pé wọ́n ń bá wa dàgbà. Gígábáìtì 1 lè dà bíi nǹkan kékeré létí ẹni tó ń fi fóònù ya fídíò, àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ ń kọ, ó pọ̀ débi tẹ́ ò ní lò ó tán, torí àpilẹ̀kọ tó gùn tó èyí tẹ́ ẹ̀ ń kà yìí pẹ̀lú gbogbo àmì orí ẹ̀ ò tó kílóbáìtì 20. Àwòrán ló ń jẹ àyè, ẹ bá mi dín in kù kẹ́ ẹ tó gbé e síbẹ̀, àwọn tó fẹ́ fi dátà wọn ṣí i náà á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.

Inú bùráúsà náà lẹ ti lè kọ HTML yín, ìyẹn èdè tí wọ́n fi ń kọ ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò nílò láti ra nǹkan kan tàbí gbé nǹkan kan sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀yin tẹ́ ò kọ ọ́ rí, wọ́n ní ẹ̀kọ́ tó ń mú èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì lè tẹ̀ lé e. Fóònù náà ṣe é lò, ó kàn máa ń tánni ní sùúrù díẹ̀ ni tí kóòdù bá ti gùn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé o, ọ̀rọ̀ Yorùbá wa. Ẹ mọ bí nǹkan ṣe máa ń rí láwọn sáìtì tó ń báni ṣe gbogbo nǹkan, èèyàn á kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ dáadáa tàmì-tàmì, tó bá jáde tán àmì orí á ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹsẹ̀ ọ á ti já bọ́, tàbí kẹ́ ẹ máa rí àpótí òfìfo níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i torí àwọn ló yan fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tó máa hàn, fún yín. Ní Neocities, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ẹ̀. Lókè pátápátá ẹ kọ́kọ́ fi meta charset="utf-8" sí i, ìyẹn ló ń sọ fún bùráúsà bó ṣe máa ka ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ fi lang="yo" sínú html kó lè mọ̀ pé Yorùbá lẹ̀ ń sọ, kó má baà máa fi pípè òyìnbó kà á fáwọn tó ń lo ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè torí ojú wọn.

Ìdí táwọn lẹ́tà wa fi ń dàrú ni pé ẹ tó ní àmì nísàlẹ̀ ní ààyè tiẹ̀ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo èdè, é tó ní àmì lórí náà ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ tó ní méjèèjì kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó dúró fún un. Ṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń kó wọn léra. Tí ẹni tó ṣe fọ́ǹtì náà ò bá ronú kan irú wa, àmì yẹn á fò lọ síbi tí kò yẹ. Ó wá kù sọ́wọ́ yín láti wá fọ́ǹtì tó gbọ́ èdè wa, Noto Sans wà, Gentium àti Charis SIL wà, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Neocities á jẹ́ kẹ́ ẹ gbé fáìlì fọ́ǹtì náà sórí sáìtì yín láìsanwó, kẹ́ ẹ wá fi àṣẹ kan tó ń jẹ́ @font-face pè é. Ìgbà yẹn ẹni tó wà ní Ìlọrin tó ń lo fóònù àtijọ́ àtẹni tó wà ní London, ohun kan náà ni wọ́n máa rí. Sáìtì tí mo fi ń kó àlọ́ àpamọ̀ jọ ni mo fi dán gbogbo èyí wò, mo sì lè ṣe ẹlẹ́rìí pé "òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́" jáde tàmì-tàmì bí mo ṣe kọ ọ́, kò sí èyí tó já bọ́. Fún títẹ̀ ẹ́, Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google orí fóònù, ní Yorùbá nínú, ẹ lọ tàn án nínú fóònù yín.

Ó kù sọ́rọ̀ owó. Ẹni tó ń san dọ́là 5 lóṣù á ní gígábáìtì 50, á lè lo àdírẹ́sì tó bá fowó ara ẹ̀ rà, ìbáà jẹ́ .com tàbí .ng, á sì lè gbé irú fáìlì tó bá wù ú síbẹ̀. Ibi tó ti ń dunni nìyí, torí ẹni tó ń lò ó lọ́fẹ̀ẹ́ ò lè gbé fáìlì orin tàbí fídíò síbẹ̀. Mo mọ ìdí ẹ̀, tí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀ àwọn tó ń jí orin àti fíìmù pín á kún ibẹ̀ fọ́fọ́, ẹni tó ń kọ ojú ìwé gidi ò sì ní ráyè. Àmọ́ èdè ẹnu ni tiwa, oríkì tí wọn ò gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń kì í, ìdajì ẹ̀ ti lọ. Dọ́là 5 náà ju 5,000 náírà lọ lóṣù, akẹ́kọ̀ọ́ á rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ tún fi wàhálà káàdì náírà tó lè kọ̀ láti sanwó sókè òkun nígbà míì kún un, àwọn míì máa ń lọ gba káàdì dọ́là orí fóònù kí wọ́n tó rí i san. Ohun tí mo máa ń sọ fáwọn tó bá bi mí ni pé kí wọ́n pa ohùn náà mọ́ síbòmíì tó ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n wá so ó mọ́ ojú ìwé wọn.

Àwọn tó ń lò ó máa ń yọjú síra wọn gan-an. Gbogbo sáìtì ló ní ojú ilé tiẹ̀ níbi téèyàn ti lè kí ẹni tó ni ín, ẹ lè máa tẹ̀ lé sáìtì tó bá wù yín, tónítọ̀hún bá ti tún nǹkan ṣe níbẹ̀ ẹ máa rí i. Wọ́n ní ibi táwọn sáìtì tò sí, ẹ lè fi ọ̀rọ̀ kan wá irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Kò sí ẹ̀rọ kan bíi tàwọn ìkànnì àjọlò tó ń pinnu pé inú gbọ́dọ̀ bí yín kẹ́ ẹ lè dúró pẹ́. Ẹ máa rí ẹni tó ń kọ nípa ológbò ẹ̀, ẹni tó ń ya àwòrán, ẹni tó ń ṣàlàyé ọkọ̀ ojú irin orílẹ̀-èdè ẹ̀ bíi pé òun ló ni ín. Ẹ fi Yorùbá wá nǹkan níbẹ̀, ẹ ò ní rí púpọ̀. Ìyẹn ń ká mi lára, torí àyè wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó dí wa lọ́nà.

Kí n sọ ìtàn kan tó jẹ́ kí n mọ irú èèyàn tó wà nídìí ẹ̀. Lọ́dún 2014, FCC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti íntánẹ́ẹ̀tì, fẹ́ gbé òfin kan kalẹ̀ tó lè jẹ́ káwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì máa gbowó lọ́wọ́ àwọn sáìtì ńláńlá kí tiwọn lè yára ju ti àwọn tó kù lọ. Ẹ wò ó, ta ni irú ẹ̀ máa pa? Àwọn kéékèèké ni, irú àwa yìí. Drake bá wá àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì àjọ náà rí, ó wá ṣètò sáfà ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé ojú ìwé ránṣẹ́ sáwọn èèyàn, pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ibẹ̀ ṣí ojú ilé Neocities, kílóbíìtì 28.8 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni kó máa lọ, ìyẹn bó ṣe ń lọ láyé módẹ́ẹ̀mù orí wáyà tẹlifóònù. Àwòrán mẹ́gábáìtì 1 á gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́rin ààbọ̀ kó tó ṣí. Ó ní tí wọ́n bá fẹ́ kó yára, kí wọ́n san 1,000 dọ́là lọ́dún. Ó tún gbé kóòdù tó fi ṣe é síta kí ẹlòmíì tó bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lè mú un lò. Ilé iṣẹ́ tí kò lówó, tí kò ní lọ́yà rẹpẹtẹ, ló dúró fáwọn tó ń lò ó bẹ́ẹ̀ yẹn. Àwọn ńláńlá tí owó wọn ju ti orílẹ̀-èdè kan lọ, mélòó nínú wọn ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa?

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo nǹkan ló lè ṣe o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ọjà, kẹ́ ẹ gba owó, kí oníbàárà ṣí àkáǹtì, kì í ṣe ibẹ̀. Kò gba PHP, kò gba WordPress, ìyẹn àwọn ohun èlò tó nílò kí sáfà máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ojú ìwé, kò ní ibi tó ń tọ́jú ìsọfúnni lẹ́yìn ojú ìwé. HTML, CSS tó ń ṣe àwọ̀ àti ẹwà, JavaScript tó ń jẹ́ kí ojú ìwé lè ṣe nǹkan, àti àwòrán yín ló máa gbé síta bẹ́ ẹ ṣe kọ ọ́. Ẹ má sì lọ fi ṣe ibi ìkẹ́rùsí fún fáìlì ibòmíì, wọn ò gbà á. Wọn ò pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà, torí náà kì í ṣe ibi téèyàn á ti tẹ fóònù kẹ́nì kan gbé e.

Ẹlòmíì á ní ṣé wọn ò ní wó bíi ti GeoCities? Kò sẹ́ni tó lè búra. Àmọ́ ẹ lè dáǹlódù gbogbo sáìtì yín sínú ZIP kan ṣoṣo, ìyẹn fáìlì kan tó di gbogbo ẹ̀ pọ̀, nígbà tó bá wù yín, gbogbo ẹ̀ á sì ṣí níbòmíì láìyí nǹkan kan padà, torí fáìlì lásán ni. Kóòdù tí wọ́n fi ń ṣe Neocities fúnra ẹ̀ wà lórí GitHub, ibi táwọn tó ń kọ kóòdù ti ń pín iṣẹ́ wọn, fún gbogbo èèyàn láti wò. Lọ́dún 2015 wọ́n tún mú IPFS wọlé, ètò kan tó ń jẹ́ kí ẹ̀dà ojú ìwé lè wà lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà dípò kó wà lọ́wọ́ sáfà kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ronú báyìí ti kẹ́kọ̀ọ́ lára ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2009.

Tó bá jẹ́ máàkì ni, 9 nínú 10 ni mo fún wọn, fáìlì ohùn ló jẹ 1 tó kù. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kó ìtàn ìlú yín jọ sínú WhatsApp níbi tó ti ń sọnù lójoojúmọ́, ẹ lọ ṣí tiyín. Ẹ fi ojú ìwé kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì dáǹlódù ZIP rẹ̀ ní gbogbo ìparí oṣù.