Mo mú màámi lọ wo ilé ìhunṣọ Dre-fach Felindre ní Wales

Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí màámi sí, ìdí òfì ni wọ́n sì tọ́ ọ dàgbà sí. Nígbà tó wá kí wa ní Cardiff, mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù ńláńlá, mo mú un lọ sétí òkun, ó kàn ń sọ pé ó dáa ni. Ni mo bá rántí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Irun Àgùntàn tó wà ní Dre-fach Felindre, ní Carmarthenshire. Ilé ìhunṣọ gidi ni tẹ́lẹ̀, Cambrian Mills ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1976 ló di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣí ní 2004. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé.

Ìrìn náà tó wákàtí méjì. Títí dé Carmarthen, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í há, igbó dí ọ̀tún dí òsì, tí mọ́tò bá sì pàdé mọ́tò, ọ̀kan ní láti padà sẹ́yìn kí èkejì tó kọjá. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ pátápátá lórí fóònù mi, nítorí náà, ẹ ti gba máàpù sórí fóònù yín láti ilé. Àmọ́ ojú ọ̀nà yẹn dùn ún wò! Òkè tó tutù yọ̀yọ̀, àgùntàn lọ súà, odò kéékèèké tó ń sáré bọ̀ láti orí òkè. Àwọn odò yẹn ló sọ ibẹ̀ di ìlú ahunṣọ, torí omi wọn ló ń yí ẹ̀rọ. Ìtumọ̀ Felindre gan-an lédè wọn ni ìlú tó ní ilé ẹ̀rọ. Nígbà tí ọjà ń lọ, Huddersfield ti Wales ni wọ́n ń pe agbègbè náà, torí ìlú ahunṣọ ńlá ni Huddersfield ní England.

Nínú ilé yẹn, wọn kì í kàn to nǹkan sínú gíláàsì fún yín láti wò. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà máa ń tan ẹ̀rọ, ẹ ó sì rí irun àgùntàn bó ṣe ti ara ẹran wá, tó dọ̀tí, tó lọ́ràá, tó ń rùn, títí á fi di aṣọ. Ẹ̀rọ kan tó kún fún eyín irin ló kọ́kọ́ ń fà á ya. Òmíràn á wá yà á ní ìyàrun, á sì jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Màámi gbá mi lápá: “Àjíkẹ́, òwú gbígbọ́n mà nìyí! Ọrun la fi ń gbọ́n tiwa.”

Ẹ̀rọ ìránwú ńlá wọn, tí wọ́n ń pè ní “mule”, gùn bí yàrá. Samuel Crompton ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní 1779. Ó ní apá kan tó ń yí lórí irin bíi rélùwéè: bó bá ti ń lọ sẹ́yìn, á máa fa ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwú lẹ́ẹ̀kan náà, á máa lọ́ wọn pọ̀, bó bá sì ń padà bọ̀, á ká wọn. Màámi dúró síwájú rẹ̀ fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ọkùnrin tó ń darí rẹ̀ rí i, ó bu irun ẹ̀kúnwọ́ kan fún un, ó sì wá ìránwú onígi kan. Màámi fi àtàǹpàkò fa irun náà díẹ̀díẹ̀, ó ta ìránwú, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yọ̀ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ torí ọ̀rá. Nígbà tó yá, ó fà á gùn tó apá kan, ó ní, “Kò já! Òwú ilé ì bá ti já.” Irun àgùntàn gùn ju òwú lọ, ìdí nìyẹn. Ọkùnrin náà ní kí n bi í pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ń ran òwú aṣọ kan. Màámi ní, “Sọ fún un pé iye ọjọ́ tí iṣẹ́ ilé bá fi sílẹ̀ ni.” Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó ní ohun tí ìyá òun àgbà náà ì bá sọ nìyẹn.

Aṣọ fúláńẹ́ẹ̀lì, ìyẹn aṣọ irun àgùntàn tó rọ̀, ló sọ àwọn ará Dre-fach di olówó. Àwọn tó ń wa èédú ní gúúsù Wales ló ń wọ̀ ọ́ jù, torí ó ń fa òógùn mu. Ogun Àgbáyé Kìíní tún mú ọjà wá, torí aṣọ àwọn ọmọ ogun. Nígbà tí ogun parí, owó aṣọ já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kógbá sílé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni bùláńkẹ́ẹ̀tì wọn tí wọ́n hun ní ìpele méjì pa pọ̀: àwọ̀ tó wà lábẹ́ níhìn-ín, ló máa wà lókè lódìkejì. Ó wọ́n o, ó lè ju ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ dáadáa. Òṣìṣẹ́bìnrin kan tún fi bí àwọn ìyá Wales ṣe ń fi ṣọ́ọ̀lù gbé ọmọ hàn wá, àyà ni wọ́n ń dì í mọ́. Màámi ní ẹ̀yìn ló yẹ kó wà.

Nínú mọ́tò, mo sọ ohun kan fún un tó yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá lọ síbẹ̀ mọ̀. Aṣọ kan wà ní Wales tí wọ́n fi ń wọ àwọn ẹrú. Kì í ṣe Dre-fach ló ṣe é. Agbègbè Dolgellau àti Montgomeryshire, lápá ibòmíràn ní Wales, ni. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń hun aṣọ irun àgùntàn líle kan, “Welsh plains”. Àwọn oníṣòwò ìlú Shrewsbury ní England ń rà á, ó sì ń wọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Caribbean àti Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi wọ àwọn ẹrú. Màámi dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Àwọn tó hun ún, ṣé wọ́n mọ ẹni tó máa wọ̀ ọ́?” N kò lè dáhùn.

Ilé tá a sùn sí nítòsí kò ní omi gbígbóná láàárọ̀, ẹ yáa lọ kẹ́ ẹ sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ wọ bàtà tó lè tẹ ẹrẹ̀. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ̀rọ ìránwú ńlá yẹn máa ṣiṣẹ́. Bí kò bá ní ṣiṣẹ́, ẹ mú ọjọ́ mìíràn.