Onídèérí títẹ̀ àbí onídèérí yíyí: túùbù wo ló yẹ fún fírísà -80 °C?

Fún yàrá àyẹ̀wò tó ń tọ́jú omi ẹ̀jẹ̀ pamọ́ fọ́dún mélòó kan ní Àjàṣẹ́, onídèérí yíyí la fara mọ́. Ike kan náà, polypropylene, ni wọ́n sábà fi ń ṣe méjèèjì. Ìdérí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Bí omi bá dì, ó ń wú ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Túùbù onídèérí títẹ̀ tí ẹ bu kún dé ẹnu, yìnyín á ti ìdérí rẹ̀ sókè. Bí kò tilẹ̀ ṣí, ọ̀rinrin lè máa gba etí rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, ohun tó kù nínú rẹ̀ á wá ki ju bó ṣe yẹ lọ. Kò wọ́n, ó sì tó fún iṣẹ́ ọjọ́ díẹ̀.

Onídèérí yíyí sábà máa ń ní òrùka rọ́bà. Nínú èyí tó gba 2 ml, ẹ má bu ju 1.8 ml lọ. Ẹ yí i kó mú, ṣùgbọ́n ẹ má fún un jù: òrùka tó bá ti yọ síta bí ètè kò dí nǹkan kan mọ́. Ẹ tú u, kẹ́ ẹ tún un yí.

Tó bá jẹ́ nitrogen olómi (-196 °C), ẹ má rì í sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tútù òkè rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Nitrogen olómi tó bá ráyè wọ inú túùbù ń fẹ̀ tó ìlọ́po 700 nígbà tó bá ń di gáàsì, túùbù lè bẹ́ mọ́ni lójú.

Ọ̀sà wà nítòsí wa, afẹ́fẹ́ wa rin: túùbù tẹ́ ẹ bá yọ síta ń làágùn kíá, yíǹkì lásán á sì ṣàn lọ. Kí túùbù tó tutù ni kẹ́ ẹ ti lẹ àmì tó gba òtútù mọ́ ọn.