Ṣakabùlà, ìbọn kátíríìjì, àti "ráífù" tí wọ́n ní àwọn máa rọ nílé: èwo ló yẹ kí ọdẹ Iléṣà fowó ẹ̀ rà?

Ẹ̀yin ọdẹ àtẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ kú ìnáwó o. Èèyàn mẹ́ta ló ti bi mí láàárín ọ̀sẹ̀ yìí pé ìbọn wo ni káwọn rà, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní ẹnì kan ní Ifẹ̀ ti ṣèlérí fóun pé òun máa bá a rọ ráífù bíi ti ṣójà, owó ẹ̀ ò sì ní tó ìdá mẹ́rin ti òyìnbó. Mo ní kó má tíì san kọ́bọ̀ o. Ilé àgbẹ̀dẹ ni wọ́n bí mi sí níbí ní Iléṣà, èmi ni mo máa ń fẹ́ ewìrì fún bàbá mi àgbà, torí náà kì í ṣe pé mò ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ wa. Ẹni tó bá ti rí irin Ògún Ládìn láàfin Ọọ̀ni á mọ̀ pé iṣẹ́ irin ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Àmọ́ irin kan yàtọ̀ síkan.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣakabùlà ṣáájú. Ẹnu lẹ́ ẹ ti ń ki ẹ̀tù sí i, ẹ̀tù dúdú ni, agbára ẹ̀ ò le bíi ti ẹ̀tù inú kátíríìjì, ìdí nìyẹn tí alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ fi lè rọ èyí tó máa pẹ́ lọ́wọ́ ọdẹ. Owó ẹ̀ kéré, tó bá bàjẹ́ ẹni tó máa tún un ṣe ò jìnnà. Ìyà ẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lẹ máa yìn ín, kẹ́ ẹ tó ki òmíràn ẹtu ti wọgbó, òjò sì lè mú kó kọ̀ kò dún. Fún ọ̀yà àti òkété tó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lóko, ó tó, kò sóhun tó ṣe é.

Ìbọn kátíríìjì ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì ńkọ́? Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní 12, torí pé òjé roboto méjìlá tó ṣe wẹ́kú ẹnu ìbọn náà ló máa wọn pọ́ùn kan, ìbú ẹnu ọ̀hún tó milimítà 18.5. Owó ẹ̀ wúwo, owó ọ̀pá ìbọn lẹ sì ń san jù nínú ẹ̀. Láwọn ìlú bíi Bírímíńháàmù àti Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ẹ̀tù tó ju ti kátíríìjì tí ẹ máa lò lọ dán ìbọn wò kí wọ́n tó tà á, èyí tó bá yege wọ́n á lu òǹtẹ̀ sára irin ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ra tòkunbọ̀, ẹ wá òǹtẹ̀ yẹn lábẹ́ ọ̀pá ìbọn níbi tó ti sún mọ́ ìdí, ẹ ṣí i kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀ sí ojú ọ̀run bóyá ó mọ́ tàbí ó ti jẹrà, kẹ́ ẹ sì mì ín bóyá ó ń gbọ̀n níbi tó ti ń ká. Tó bá ń gbọ̀n, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni í.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi pọ́ńpù áṣọ̀n, ìbọn tí wọ́n ń fọwọ́ fà kí ẹ̀rọ ẹ̀ lè kó ọta míì sẹ́nu, tàn yín o, àwọn kan ń rà á pé ìbọn ọdẹ náà ni. Òfin ìbọn ti 1959 yọ èyí tó ń fi ẹ̀rọ kó ọta sẹ́nu ara ẹ̀ kúrò nínú ohun tí aráàlú lè gba láísẹ́ǹsì fún, ráífù ṣójà tó ń lo ọta onímilimítà 7.62 náà sì jẹ́ èèwọ̀ pátápátá.

Wàyí o, ráífù àgbẹ̀dẹ tí ọ̀rẹ́ wa fẹ́ sanwó fún. Yàtọ̀ sí pé ẹ̀wọ̀n wà nídìí ẹ̀, ẹ wo iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Nínú kátíríìjì 12, agbára tó ń ti irin ò gbọdọ̀ ju bíi 11,500 pọ́ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan, ṣùgbọ́n ti ráífù ṣójà AK ju 50,000 lọ, ìlọ́po mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀, gbogbo ẹ̀ sì ń ṣẹlẹ̀ níwájú ojú ẹni tó ń yìn ín. Páìpù omi ò lè gbà á, irin mọ́tò tó ti gbó náà ò ṣe é fọkàn tán, torí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí. Ọ̀pá ráífù fẹ́ sítíìlì gidi, ihò tó tọ́ gbọọrọ látòkè délẹ̀, àti ìlà tó lọ́ yípo nínú ẹ̀ tó máa jẹ́ kí ọta máa pòòyì kó lè lọ tààrà, ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí sì gbọ́dọ̀ ṣe rẹ́gí, ìwọ̀n irun orí lásán tó bá yà, ó ti di wàhálà. Ẹ̀rọ tó ń ṣe gbogbo ìyẹn gbówó lórí débi pé àfi kéèyàn ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìbọn kí owó ẹ̀ tó padà wọlé.

Ìjọba pàápàá ò rí i ṣe bí ẹní mu ẹ̀kọ. 1964 ni wọ́n dá DICON, àjọ ìjọba tó ń ṣe ohun ìjà, sílẹ̀, ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Kàdúná, ilé iṣẹ́ Fritz Werner láti Jámánì ló bá wọn gbé e dúró, ráífù tí wọ́n sì ń ṣe níbẹ̀, àwòṣe ti Bẹ́ljíọ̀m àti Ítálì ni. Ráífù wọn OBJ-006 tó jáde ní 2006, AK náà ni wọ́n wò ṣe. Sítíìlì ńkọ́? Láti 1979 la ti ń gbọ́ orúkọ ilé iṣẹ́ irin Àjàòkúta, títí dòní iléru ńlá ibẹ̀ ò tíì yọ́ irin kankan fún wa, ohun tí ilé iṣẹ́ irin Òṣogbo sì wà fún ni ọ̀pá irin tá a fi ń kọ́lé. Ó ń dùn mí gan an, torí ọwọ́ tó lè ṣe é wà nílẹ̀ yìí. Kódà nígbà ogun Kírìjì, tí Ògèdèǹgbé wa ń ṣáájú Èkìtì Parapọ̀, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó ló ń bá wọn wá ìbọn tó ń gba ọta láti ìdí, ti òyìnbó ni, bẹ́ẹ̀ alágbẹ̀dẹ ò wọ́n ní Iléṣà nígbà yẹn.

Bùrọ̀dá mi kan ra ìbọn àgbẹ̀dẹ tó ń gba kátíríìjì, kì í tiẹ̀ ṣe ráífù o, kátíríìjì ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ló fọ́ ọ̀pá ìbọn náà yángá, ìka ọwọ́ òsì ẹ̀ méjì ló bá a lọ. Òun ni mò ń rí lọ́kàn bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Nítorí náà, tówó yín ò bá tó, tó jẹ́ oko nìkan lẹ fẹ́ ṣọ́, ṣakabùlà ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ gba ìwé ẹ̀, torí òun náà nílò ìwé o. Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ọdẹ lẹ fi ń jẹun, ẹ fara balẹ̀ kówó jọ fún ẹlẹ́nu kan tó ní òǹtẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá kẹ́ ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ sì ṣírò owó kátíríìjì mọ́ ọn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jogún ìbọn bàbá yín, láísẹ́ǹsì tó wà lórúkọ bàbá kì í di ti ọmọ, ẹ má gbé e lọ sígbó títí ìwé tiyín á fi jáde.